Dùùrù Inú Àká Àgbàdo

Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé lábẹ́ àwọn igi tó wà létí odò ìlú Dunmoor, ní Kansas, láti fi ọ̀rọ̀ na ara wọn lójú gbogbo ayé, ẹni tí kò bá mọ àwọn ènìyàn náà dáadáa ìbá rò pé ìdíje òṣì ni wọ́n wá ṣe. Ọdún náà ni àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Ará Ìlú, wọ́n sì fẹ́ gba ìjókòó ilé aṣòfin ní Topeka lọ́wọ́ àwọn Ripọ́blíkà, tó ti jókòó pa á láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí. Láti àárọ̀ kùtù ni kẹ̀kẹ́-ẹṣin ti ń wọlé láti oko, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà eléruku. Àwọn obìnrin wọ aṣọ òwú olódòdó wẹ́wẹ́, wọ́n so okùn fìlà wọn mọ́ abẹ́ àgbọ̀n, adìẹ díndín àti bàrà tútù sì wà lẹ́sẹ̀ wọn nínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin gbé aṣọ funfun kan dání tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, ÀWA LA GBÌN, TA LÓ JẸ?

Asahel Purdy ni àwọn àgbẹ̀ fà kalẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ohùn rẹ̀ a sì máa dé ibi tí ojú kò dé. Ilẹ̀ rẹ̀ kò burú, ilé rẹ̀ ní fèrèsé onígíláàsì káàkiri, ó sì ní kóòtù dúdú kan tó dára tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kóòtù yẹn kò bá a wá sí abẹ́ igi. Ṣòkòtò iṣẹ́ ló wọ̀, àbùlẹ̀ ńlá sì wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì. Orpha ìyàwó rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Nígbà tí obìnrin náà yẹ ṣòkòtò ọ̀hún wò síwá sẹ́yìn tí kò rí ihò kankan, ó béèrè ibi tó yẹ kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ní kó ṣáà lẹ̀ ẹ́ sórúnkún, ibẹ̀ lojú èrò ń wò. Orpha lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ara ti ń fu ú.

Ẹ má sì rò pé ẹnìkejì sàn jù ú lọ. Thaddeus Crail, lọ́yà tí àwọn Ripọ́blíkà gbé kalẹ̀, gun kẹ̀kẹ́ dídán dé ẹ̀yìn igbó, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi akẹtẹ̀ ṣẹ́dà sílẹ̀ fún ẹni tó ń wa ẹṣin, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó wá fi ẹsẹ̀ rìn wọ àárín èrò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ọkọ́ dé. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé aṣọ olówó ni ìyá òun ń fọ̀ láti fi tọ́ òun. Gbogbo lọ́yà tí mo ti gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn ní Kansas ni ìyá wọn fọ aṣọ. Mi ò tíì mọ àwọn tó ni aṣọ tí gbogbo wọn ń fọ̀.

Asahel ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dìde lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà ìlú.

“Ẹ̀yin ará mi, kí ni àgbẹ̀ lè fi pamọ́? Ṣé ilẹ̀ ló fẹ́ ká sápò ni àbí màálù? Agbowó-orí á kàn dúró lójú ọ̀nà, á ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní látìta. Ṣùgbọ́n olówó Dunmoor, ìwé lásán lowó tiẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ ló ń gbé. Tí oṣù Kẹta bá dé tí agbowó-orí ń bọ̀, olówó ti di tálákà nìyẹn. Tí oṣù Kẹrin bá wọlé, Ọlọ́run á tún bù kún un.”

Àwọn àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Crail náà rẹ́rìn-ín, ó dúró kí ariwo lọ sílẹ̀, ó wá gba orí kẹ̀kẹ́.

“Arákùnrin Purdy mọ̀rọ̀ ọ́ sọ,” ó ní, “àbùlẹ̀ ẹ̀ náà sì dáa. Èmi ò bínú sẹ́ni tó ní. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ní, ẹni tí ò ṣe ló ń pariwo. Ẹ̀yin lẹ ní olówó ń fi nǹkan pamọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnì kan níbí máa ń kó wọ abẹ́ koríko kí agbowó-orí tó kanlẹ̀kùn ńkọ́? Ṣé kí n dárúkọ ẹ̀ ni?”

Ó wo àwọn èrò lọ wò wọ́n bọ̀. Ojú rẹ̀ dé ara Asahel, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó mi orí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lábẹ́ igi, ọkùnrin kan wúkọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn fìlà tí kò tú. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ìjọba ní kí gbogbo ilé ka aago góòlù, dùùrù àti kẹ̀kẹ́ ìgbafẹ́ mọ́ ohun tí wọn yóò san owó-orí lé lórí, àti pé bí oṣù Kejì bá ti ń parí lọ, àwọn nǹkan wọ̀nyí a máa rìn. Aago a wọ inú ìyẹ̀fun, kẹ̀kẹ́ tuntun a lọ sùn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn oko. Kò sẹ́ni tó ń pè é lólè jíjà. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kálukú rò pé ẹsẹ̀ tòun nìkan ni lọ́yà rí.

Ti Asahel, dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ kan ni, èyí tí Orpha jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Indiana. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn lọ́jọ́ ìsinmi ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan péré lóde ilé wọn ló mọ ibi tó ń gbà lọ bí oṣù Kẹta bá dé. Nels Hedlund ni, ará Sweden tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò. Lọ́dọọdún ni òun àti Asahel máa ń fi kúbùsù wé dùùrù náà, wọn a gbé e lọ sínú àká àgbàdo, wọn a da àgbàdo bò ó. Nels a kàn máa rẹ́rìn-ín pé dùùrù tún gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Nínú kẹ̀kẹ́, bí wọ́n ti ń darí sílé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá afárá ni Asahel yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Nels ni,” ló wá sọ.

“Nels ṣe kí ni?” Orpha bi í.

“Òun ló sọ fún Crail. O ò rí bó ṣe tẹjú mọ́ mi ni? Ta ló tún mọ̀, yàtọ̀ sí èmi, ìwọ àti Nels?”

“Ọ̀gbẹ́ni Purdy, ọkùnrin yẹn ò dárúkọ dùùrù. Kò dárúkọ yín.”

“Kò nílò kó dárúkọ mi. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ojú ara mi ni mo fi rí Nels tó ń jáde ní ọ́fíìsì Crail. Kí ni àgbẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ lọ́yà àwọn oníbáńkì?”

Orpha kò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rí àyè jókòó lọ́kàn òun náà. Ó rántí bí Nels ṣe máa ń dákẹ́ bí àwọn yòókù bá ń bú Crail, àti bí kò ṣe rẹ́rìn-ín púpọ̀ lábẹ́ igi. Nels kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ níbikíbi, ṣùgbọ́n bí ìfura bá ti wọlé, gbogbo ohun tó bá rí ló ń kó jẹ.

“Bí ikú ilé ò pani,” Asahel ní, “tòde ò lè pani.”

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣèpàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè. Nels kò wá, màálù rẹ̀ ń bímọ lọ́wọ́. Asahel dìde, ó ní ẹnì kan wà láàárín àwọn tó ń jẹun níbí, tó ń lọ sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní òun ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ṣáà wo ẹni tó ń wọ ọ́fíìsì Crail. Ẹnì kan ní òun náà ti rí Nels níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní àwọn ará Sweden yìí, ta ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Kí wọ́n tó pa fìtílà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nínú gbogbo wọn, kò sẹ́nì kan tó béèrè àṣírí tí Nels tú gan-an. Ẹni tó bá béèrè yóò ní láti sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù, nítorí náà gbogbo wọn gbà.

Wàyí o, àáró ni wọ́n fi ń pa àlìkámà ní apá ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìpakà kan ṣoṣo ló wà ní agbègbè náà, èéfín dúdú a máa rú lórí rẹ̀, ẹṣin a wọ́ ọ láti oko dé oko, àwọn ọkùnrin a sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan kò lè dá ṣe é, ì báà lágbára bí erin. Lọ́dún yẹn, Nels ti ṣiṣẹ́ lóko gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti bó nínú eruku ìyàngbò wọn, ó wá kan tirẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ló gbin àlìkámà sí. Ó ti tò ó jọ bí òkìtì ní ẹ̀yìn ilé, ó ń retí ẹ̀rọ. Bí wọn kò bá pa á kí òjò oṣù Kẹwàá tó dé, yóò hù lórí òkìtì, òun àti Karna ìyàwó rẹ̀ kò sì ní í rí ohun tí wọn yóò fi kọjá òtútù ọdún náà ní Kansas.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, Orpha ti wà ní ilé ìdáná Karna láti òwúrọ̀, nítorí pé obìnrin ni í ran obìnrin lọ́wọ́ láti bọ́ àwọn apakà. Wọ́n ti to tábìlì pọ̀ sí àgbàlá, wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun lé e. Adìẹ wà níbẹ̀, ànàmọ́ òyìnbó, búrẹ́dì dúdú tí àwọn ará Sweden ń ṣe, àti páì èso ápù tó ṣì ń rú èéfín. Nels ti ṣí géètì oko sílẹ̀ gbayawu, ó dúró síbẹ̀, ó bọ́ fìlà. Wọ́n gbọ́ fèrè ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ń bọ̀, ó sún mọ́ wọn, ilẹ̀ ń mì. Ó dé géètì, kò yà. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn rẹ̀ kọjú síwájú, Asahel wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ náà kọjá lọ sí oko tó tẹ̀ lé e.

Nels dúró pẹ́ lẹ́nu géètì kí ó tó tì í. Karna bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń nù wọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò dọ̀tí. “Orpha,” ó ní láìgbójú sókè, “máa mú páì kan lọ sílé. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ níbí.” Orpha mú un, ojú sì tì í débi pé kò lè dúpẹ́.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Nels gba orí afárá kọjá, ó bá Asahel nínú ilé ẹṣin.

“Purdy, ẹ̀rọ kọjá ilé mi.”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Lọ bi Crail.”

“Crail kẹ̀?” Nels wò ó tìyanutìyanu. “Ìwé ọmọ ìlú ni mo lọ bá a ṣe. Ṣebí òun nìkan ló ń ṣe é ní Dunmoor. Wọ́n ní tí mi ò bá ṣe é, mi ò lè dìbò. Ìwọ ni mo fẹ́ dìbò fún.”

Asahel ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. “Gbogbo ẹni tí wọ́n bá ká mọ́,” ó ní, “ló máa ń lálàyé.”

Orpha gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kejì, ó di ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́, kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni, ó di ọ̀dọ̀ Hobart Pym, ẹni tó ń rán ìjánu ẹṣin tà nínú ìlú, tó sì tún ń lọ kiri ilé fún owó-orí bí oṣù Kẹta bá dé. Ọkùnrin náà ń fi ìda pa òwú lọ́wọ́.

“Ọ̀gbẹ́ni Pym,” Orpha ní, “a ní dùùrù kan nílé tá ò kà fún yín rí. Mo fẹ́ mọ ẹni tó sọ fún yín.”

Pym sọ òwú náà kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín láìfẹ́ kó hàn. “Màmá Purdy, ẹ jókòó. Ta ló máa sọ fún mi? Èmi fúnra mi ti kọrin tẹ̀lé dùùrù yẹn lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Kérésì. Tí mo bá wá lóṣù Kẹta, mo máa ń kan ilẹ̀kùn kíkankíkan, màá tún dúró níta fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ni tó bá gbàgbé nǹkan lè rántí. Ìdí tí wọ́n ṣe ń dìbò fún mi nìyẹn. Agbowó-orí tó bá ń wọnú àká, ọdún kan ni tiẹ̀.”

“Crail ńkọ́? Ta ló sọ fún un?”

“Ọ̀rọ̀ abẹ́ koríko yẹn?” Pym mi orí. “Gbogbo ìlú tó ti sọ̀rọ̀ ló ti sọ ọ́. Ó kàn máa ń wojú ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ ni, gbogbo wọn ló sì máa ń yí àwọ̀ padà. Pianó tiẹ̀ gan-an, lọ́dọọdún ló ń lọ kí àbúrò ẹ̀ ní Missouri.”

Orpha délé, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó rò gbogbo rẹ̀ fún un. Asahel gbọ́ ọ dópin. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà, ó jókòó.

“Lẹ́yìn ìbò,” ló wá sọ. “Màá bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn ìbò.”

“Òjò ò ní í dúró de ìbò, Ọ̀gbẹ́ni Purdy.”

“Tí mo bá sọ nísìnyí, wọ́n á bi mí pé kí ló jẹ́ kí n fura sí i. Kí ni kí n sọ?”

“Ẹ sọ òótọ́. Tẹ́ ò bá lè sọ ọ́, èmi á gbé dùùrù náà síwájú ilé, màá tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ọ̀nà gbọ́.”

Asahel dìde. Ohùn tó fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ ló mú wá sínú yàrá kékeré náà. “Ṣe bẹ́ẹ̀. Crail á wọ Topeka. Àwọn báńkì á tún máa ṣòfin fún wa. Gbogbo tálákà tó wà ní agbègbè yìí á jìyà, torí àlìkámà ẹnì kan. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn? Nels fúnra ẹ̀ ò ní í fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.”

“Asahel,” Orpha ní, kò sì pè é bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, “o ò bi Nels.”

Ṣùgbọ́n kò gbé dùùrù jáde. Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí mo fẹ́ràn obìnrin náà. Ó rò ó, ó tún un rò, ọ̀rọ̀ tálákà gbogbo agbègbè wúwo lórí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ, bí àwọn olóṣèlú ṣe máa ń fẹ́ kó wúwo, ó sì dákẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò le, ó kàn ń rọ̀ wínníwínní láìdá, àti láti ojú fèrèsé rẹ̀ ni Orpha ti ń wo òkìtì àlìkámà Nels ní òdìkejì odò. Ó kọ́kọ́ dúdú. Nígbà tó ṣe, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù yọ̀yọ̀ bíi koríko tuntun. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ó lẹ́wà.

Lọ́jọ́ ìbò, àwọn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ ìwé ìbò tiwọn, aláwọ̀ òféfèé ni ti àwọn àgbẹ̀, funfun ni ti Ripọ́blíkà. Ẹni tó bá mú èyí tó fẹ́, ojú gbogbo ènìyàn ló ti ń mú un. Nels dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tó di ẹrù sí títí dé òkè, Karna jókòó lórí rẹ̀, wọ́n so màálù kan àti ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìwé ọmọ ìlú rẹ̀ hàn wọ́n, ó na ọwọ́, ó mú òféfèé. Ó ká a sí méjì, ó sọ ọ́ sínú àpótí níwájú Asahel àti gbogbo àwọn tí ẹ̀rọ wọn kọjá ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gun kẹ̀kẹ́, ó kọrí sí ìlà-oòrùn. Kò sẹ́ni tó pè é padà. Àwọn kan wo ilẹ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Asahel wọlé, ìbò rẹ̀ sì ju ti Crail lọ dáadáa. Kò bá wọn sọ nǹkan kan lẹ́yìn ìbò. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi sílẹ̀ di ìgbà tó wọ̀, kì í wọ̀ mọ́.

Nígbà tí ilé aṣòfin ṣí ní Topeka, yìnyín wà nílẹ̀, Orpha sì jókòó sí òkè níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó, ó ń wo ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ láàárín àwọn tábìlì tuntun àti fìtílà gáàsì. Asahel dìde láti sọ̀rọ̀ lórí òfin owó-orí. Ó sọ̀rọ̀ báńkì, ó sọ̀rọ̀ rélùwéè, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ẹ jẹ́ kí òun sọ ti aládùúgbò òun kan, ọmọlúàbí ènìyàn, ó ń jẹ́ Nels Hedlund, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, tí àlìkámà rẹ̀ sì hù lórí òkìtì nínú òjò. Ó ní olówó ló lé e. Ó ní òun fúnra òun dúró, òun wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí kò fi hàn mọ́. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, kò sì jọ ẹ̀tàn rárá. Mo rò pé nígbà yẹn, ó ti gbà á gbọ́.

Gbogbo ilé dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó jókòó ti Orpha, tó wọ fìlà oníyẹ́, ń fi aṣọ ìnujú nu ojú rẹ̀.

“Ó mà ṣe o,” ó ní. “Ẹ gbà mí, ẹ̀yin tí ẹ ti apá ibẹ̀ wá, ta ló lé ọkùnrin yẹn gan-an? Ṣé báńkì ni àbí rélùwéè?”

“Ọkọ mi ni,” Orpha dá a lóhùn. “Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.”

Obìnrin náà wò ó, ó fa yẹ̀rì rẹ̀ sún mọ́ ara, ó sì ń pàtẹ́wọ́ rẹ̀ lọ.